Alárinà Òdòdó ní Ṣakí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún títì, tí àwọn àgbà Ṣakí sì ń wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó sọdá ọ̀nà tí mọ́tò méjì péré ń gbà kọjá lójúmọ́, kò sí ìwà tó gbayì tó kí èèyàn kọ orúkọ ara rẹ̀ sí nǹkan. Ìwà ńlá ni. Ìwà ọ̀làjú ni. Ó yẹ kí wọ́n ti fi oyè dá àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́lá. Ẹni tó kọ́lé kọ orúkọ sí iwájú ilé, ẹni tí kò kọ́lé kọ ọ́ sí ìdí àwo. Orúkọ tó wà lára bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ ju àwọn tó ń jókòó lórí rẹ̀ lọ. Bàbá kan ní àdúgbò wa kọ orúkọ sí ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, sí ara pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, àti sí ara àpò tó ń kó pọ́ǹpù sí. Nígbà tí olè gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ, inú bàbá yìí ṣì dùn díẹ̀, ó ní ibi yòówù tí wọ́n bá gùn ún dé, wọn yóò mọ ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ìyá mi kò kọ orúkọ sí àwo. Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ ti là kọjá ìyẹn. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí òdòdó kan wà láyé tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ti kó o wá. Ìyá òyìnbó kan tó kọ́ wọn níbẹ̀ ní ọgbà òdòdó lẹ́yìn ilé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òdòdó méjì pọ̀ títí ó fi rí ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Mo gbọ́ ìtàn yìí ju bí mo ṣe gbọ́ ti Dáfídì àti Gòláyátì lọ. Ìyá mi á ní, "Bí òyìnbó bá lè pe òdòdó ní orúkọ ara rẹ̀, ta ló ní kí n má pe tèmi?" Kò sẹ́ni tó ní kó má pè é. Ohun tí bàbá mi ń béèrè, tíṣà tó fẹ́ràn iṣu ju ohunkóhun lọ, ni pé ṣé a óò gún òdòdó náà ni àbí a óò dín in.

Haibísíkọ́ọ̀sì pupa ló wà níwájú ilé wa. Fúláwà ni gbogbo ará Ṣakí ń pè é, nítorí ohunkóhun tí èèyàn bá gbìn tí kò ṣeé jẹ, fúláwà ni. Àwa ọmọdé mọ ìlò rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rántí bí a ṣe máa ń ya ewé òdòdó náà, tí a ó la ìdí rẹ̀ tó ń yọ̀, tí a ó fi lẹ iwájú orí bí ogbe àkùkọ, tí a ó wá máa kọ bí àkùkọ kiri àdúgbò. A ó gún ewé tútù rẹ̀ lórí òkúta, yóò máa yọ̀ bí ilá, a ó fi ṣe ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ṣùkù àgbàdo. Èmi ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ jù, nítorí ilé wa ni igi wà. Ìyá mi kì í na ọmọ, ó ní ẹni tó ń di egbò kò gbọdọ̀ máa dá egbò síni lára. Ṣùgbọ́n yóò ní kí n kúnlẹ̀ níwájú igi fúláwà kí n máa bẹ òdòdó tí mo já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ohùn òkè, lójú ọ̀nà gbangba. Gbogbo ẹni tó ń ti oko bọ̀ ló ń dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣe ni ó máa ń wù mí pé kó kúkú nà mí.

Iṣẹ́ omi ló tún wà níbẹ̀. Ṣakí kì í ṣe ìlú olómi. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí àpáta gbẹ funfun bí egungun, tí ètè gbogbo wa là, ẹrẹ̀ ni kànga àdúgbò ń yọ. Omi garawa kan tí mo bá pọn dé, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe kí ó tó sinmi. A ó fi ṣan ẹ̀wà, omi ẹ̀wà ni mo fi ń fọ ẹsẹ̀, omi ẹsẹ̀ mi ni ìyá mi ń gbé lọ dà sí ìdí fúláwà. Òrí ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi máa ń pa mí lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń dán, fúláwà náà ń dán. Ọjọ́ tí mo bá ṣe é láìkùn, ìyá mi á ra wàrà fún mi nínú igbá ìyá Fúlàní tó ń kiri àdúgbò, yóò dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn wàrà díndín, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá da pupa pọ̀ mọ́ pupa, pupa la ó rí. Ìyá mi nílò àwọ̀ mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní in. Aládùúgbò wa ni, Ìyá Ràfíù, tó ń ta àwo tánganran lọ́jà, tí ọgbà lápálápá nìkan ló là wá láàárín. Fúláwà tirẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè tó gbó. Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ló mú un wá fún un láti Ìlọrin. Ìyá Ràfíù dàgbà ju ìyá mi lọ, ṣùgbọ́n "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Mo tẹ̀lé ìyá mi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ìyá mi wí, "òdòdó yín kọ̀ọ̀kan ni mo wá tọrọ láràárọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Nọ́ọ̀sì? Ṣé ẹ ti ń ṣe àgbo ni?"

"Ọkọ ni mo fẹ́ fi ṣe fún tiwa."

Ìyá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. "Ará ilé ìyàwó wá tọrọ ọkọ! Èmi tí mo bí ọkùnrin mẹ́rin, kò sẹ́ni tó wá tọrọ ìkankan rí o! Ẹ mú un, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni."

A kò tíì délé tí Ìyá Àgbà ti gbọ́. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Àwọn ọmọge mẹ́ta ò tíì rílé ọkọ nínú ẹbí yìí, òdòdó ni ìyàwó mi ń wá ọkọ fún." Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó yẹ kí ìyá mi fetí sí. Ó ní, "Ìyàwó, o ṣáà mọ̀ pé ọkọ ló ni ọmọ?"

Ìyá mi, tó ti kàwé, rẹ́rìn-ín. Ó ní òdòdó kì í ṣe ènìyàn, òdòdó kò ní ìdílé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ìyá mi á wo èyí tó fẹ́ là lọ́jọ́ kejì nínú àwọn tó rudi, á fi òwú di ẹnu rẹ̀ kí oyin má baà ṣíwájú wa débẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìrì gbẹ, a ó tú u. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń yọ síta láàárín òdòdó náà. Lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè wà lára rẹ̀, kókó pupa márùn-ún bí orí abẹ́rẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Àtíkè ni ti akọ, kókó márùn-ún ni ti abo. A ó nu àtíkè tiwa dànù, a ó wá fi ìyẹ́ adìẹ kó àtíkè ti Ìyá Ràfíù, a ó fi kan kókó wọ̀nyẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó sì so òwú dúdú mọ́ ọrùn òdòdó náà kí a lè mọ̀ pé ó ti wọlé ọkọ. A gbọ́dọ̀ ṣe é tán kí oòrùn tó mú, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni fúláwà ń lò láyé. Bó bá là láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò ká, kò ní là mọ́.

Tí ìyá mi bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èmi ni iṣẹ́ náà ń já lé lọ́wọ́. Mo mọ ọ́n ṣe jù ú lọ, nítorí ọwọ́ mi kéré. Pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn ni n óò gba ihò ọgbà lápálápá kọjá lọ mú ọkọ wá nínú ife. Ìyá Àgbà á máa ké láti ẹnu ọ̀nà, "Alárinà, yára, ìyàwó ti wẹ̀ tán!" Orúkọ náà tẹ̀lé mi dé ilé ìwé. Wọ́n nà mí nítorí pé mo pẹ́ dé, nígbà tí tíṣà sì bi mí ní ohun tó dá mi dúró, mo sọ òtítọ́, wọ́n tún nà mí fún ìyẹn náà.

Òdòdó tí a so òwú mọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n jíjá ni wọ́n ń já bọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá mi á ṣa òwú nílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyọ kan dúró, ìdí rẹ̀ wú, ó gbó, ó là, a bá hóró mélòó kan nínú rẹ̀. A gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì. Ọyẹ́ dé, ó pa wọ́n, ó ku ẹyọ kan. Ewé mẹ́rin péré ló wà lórí rẹ̀. Ìyá mi lo ọdún méjì lórí ohun tí kò tó ìka ọwọ́ mi.

Lọ́dún yẹn kànga gbẹ pátápátá. Odò tó jìnnà la ti ń pọnmi, ìyá mi sì ń tijú láti dá omi mímu sílẹ̀ fún fúláwà. Ìyá Ràfíù ló gbà wá. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń ṣe àlùwàlá, ìgbà márùn-ún náà ló ń na búútà kọjá ọgbà láti da ìyókù omi sí ìdí agolo wa. Á ní, "Jẹ́ kí ọmọ mu." A ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó fetí sí ọ̀rọ̀ náà nínú wa.

Ọmọ mu, ọmọ yè. A gbé e kúrò nínú agolo, a gbìn ín sílẹ̀, a fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Nígbà tó ga dé àyà mi, tó sì kọ́kọ́ rudi, Ìyá Ràfíù gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ kan. Kò gba ihò ọgbà. Ó wọ aṣọ ìmúròde. Ó ní òun wá bèèrè ọjọ́ tí ọmọ àwọn yóò là, kí òun lè múra orúkọ sílẹ̀, nítorí ilé bàbá ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ọkọ òun tó ti kú ló wu òun.

Ìyá mi kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ ò mú nǹkan kan wá fẹ́ ìyàwó. Ta ló ń ní ọmọ láìdána?"

Mo ṣì ń rí ojú Ìyá Ràfíù. Ó dìde, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà pẹ̀lú àwo tánganran ńlá kan lórí, orógbó, obì, oyin, iyọ̀, ààdùn àti iṣu ńlá kan nínú rẹ̀. Ó wá dána. Bàbá mi wo iṣu náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá mi kò jẹ́ kí ó parí. Ó gbé àwo náà padà sórí Ìyá Ràfíù, ó ní òun lòun fi ọwọ́ òun ṣe òdòdó òun, orúkọ òun ni yóò sì jẹ́.

Bí ẹ bá jẹ́ ará ibí yìí, ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ láti gbé àwo ìdána padà síni lórí. Ìyá Ràfíù kò pariwo. Ó kàn ní, "O ṣeun, Nọ́ọ̀sì." "O" ló pè é lọ́jọ́ yẹn. Ó fi ẹ̀gún dí ihò ọgbà. Ìyá Àgbà kò jẹun alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé dé láti ọ́fíìsì pé kí ìyá mi máa lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tù, kí ó sì lọ kíákíá. Igi tó ti rudi kò ṣeé hú. Ó kó àpótí rẹ̀, ó dúró síwájú òdòdó tí kò tíì là, ó fọwọ́ kàn án. Ó wo ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfíù. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì. Ó wọ mọ́tò lọ. Èmi dúró ti Ìyá Àgbà títí a ó fi gba ìsinmi.

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo jáde láti fọ ẹnu, tí mo rí i. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe àwọ̀ ìyeyè. Ó dà bí ẹyin iná tí atẹ́gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sí, ìdí rẹ̀ nínú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, etí rẹ̀ funfun díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n fi léèsì gbá létí. Mo ké. Bàbá mi ti lọ sóko. Ìyá Àgbà tiro jáde, ó wò ó, ó ní, "Ha! Ọmọ jọ ìyá, ó jọ bàbá." Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Ràfíù dúró lẹ́yìn ọgbà.

Ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní Ọ̀tù, mà."

"Títí ìgbà wo ni yóò fi ká?"

"Ìrọ̀lẹ́, mà."

Ó wo oòrùn. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú abọ́ tánganran tuntun tí bébà ọjà ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí. Ó ní, "Já a."

Ọwọ́ mi kọ̀. Ó ní, "Já a, Àṣàkẹ́, mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí."

Mo já a. Bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ọ̀tù la wọ̀. Ìyá Ràfíù gbé abọ́ náà lé itan, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó nítorí eruku, orí rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò láàárín àwọn ọkùnrin, ohun tí n kò rí rí. Táyà bẹ́ nígbà tí a kọjá Tedé. A dúró lábẹ́ igi èmi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ó ń jáde lọ wo oòrùn, ó ń padà wá ká ìborùn wo òdòdó. Ọmọ ọkọ̀ ní, "Ìyá, kí lẹ kó sínú abọ́ tẹ́ ẹ ń ṣí tẹ́ ẹ ń dé?"

"Ọmọ ni."

Obìnrin kan tó jókòó sórí àpò èlùbọ́ nawọ́ ká ìborùn náà, ó wò ó. "Ó mà dára o. Ọmọ ta ni?"

Ìyá Ràfíù fi ìborùn bò ó padà. Mo rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni."

Nígbà tí a kọjá Òfìkì, etí òdòdó ti ń súnkì. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn kékeré tí ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tù, òjìji wa ti gùn ju wá lọ. Ìyá mi jáde pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó rí wa, ó gbé ọwọ́ lérí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ìyá Ràfíù wí. "Ẹ ti bímọ."

Ó ká ìborùn. Ìyá mi nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ tí ó máa ń sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó wá gba abọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́ náà.

"Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, Nọ́ọ̀sì, kí ó tó ká," ni Ìyá Ràfíù wí.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Èmi kẹ̀? Ọkọ tí wọ́n gbé àwo lé padà lórí? Ẹ sọ ọ́."

"Ẹ foríjì mí, mà. Orúkọ bàbá Ràfíù lẹ fẹ́. Ẹ pè é."

"Bàbá Ràfíù kò bomi rin ín. Ẹ pe tiyín, mo ní kẹ́ ẹ pè é!"

Bí wọ́n ṣe ń ti orúkọ síra wọn nìyí, ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, èkejì lórí ìdúró, àwọn aláìsàn sì ń yọjú láti ojú fèrèsé. Èmi nìkan ló ń wo abọ́. Mo ní, "Ó ti ká o." Àwọn méjèèjì wolẹ̀. Òdòdó ti ká, ó rí bí agboòrùn kékeré tí wọ́n pa dé. Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Igi náà tan òdòdó títí lẹ́yìn ìyẹn, bíi pé kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Bí wọ́n bá bi ìyá mi, á ní kí wọ́n lọ bi Ìyá Ràfíù. Bí wọ́n bá bi Ìyá Ràfíù, á ní Nọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ọ̀wọ̀ náà lọ sí sàréè, Ìyá Ràfíù ló ṣíwájú. Ìyá mi sọkún rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí. Nígbà yẹn, ọgbà lápálápá ló là wá láàárín, a sì mọ ohun tí aládùúgbò ń sè, a mọ ìgbà tí ó ń ṣe àlùwàlá, a ń bá a jà, a ń bá a parí ìjà. Lónìí, ògiri tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sí lórí ló là wá láàárín. Fúláwà kan wà lẹ́yìn ògiri náà tí n kò rí ju orí rẹ̀ lọ, n kò sì mọ orúkọ ẹni tó gbìn ín. Nígbà yẹn, omi tí mo fọ ẹsẹ̀ ni òdòdó ń mu. Lónìí, mo ní boholù, mo ní ẹni tí mo gbà láti máa bomi rin ín, mo sì ti fi síméǹtì bo ilẹ̀ tó yẹ kí ó mu omi náà. Àwọn ọmọ mi ń ya òdòdó ní fọ́tò, wọn kò já a rí, nítorí náà wọn kò kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ rí. N kò mọ ẹni tó jàǹfààní nínú èmi àti àwọn. Mo mọ̀ ṣáá pé n óò fún èèyàn ní ohunkóhun tó bá bèèrè bí ó bá lè dá ìyá mi padà síwájú ilé wa ní Ṣakí láàárọ̀, kó mú ìyẹ́ adìẹ dání, kó máa pè mí kí oòrùn tó mú.

Mo gé ẹ̀ka lára igi náà kí wọ́n tó ta ilé Ṣakí. Ẹ̀bá géètì mi ló wà, ó sì ń tan dáadáa. Àwọn àlejò máa ń dúró wò ó, pàápàá àwọn tó kàwé, wọ́n á ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, kí ni wọ́n ń pè é?

Mo máa ń sọ fún wọn pé Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ mi ni.